Yanrìn Kan Náà

Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀yin òǹkàwé. Láti Àgbádárìgì dé Sẹ̀mẹ̀ kò jìnnà. Ègùn ló wà níhìn-ín, Ègùn ló wà lọ́hùn-ún. Wọ́n ń fẹ́ra wọn, wọ́n ń sin òkú ara wọn. Yanrìn kan náà ni, òkun kan náà. Kí ló wá dé tí Super Falcons wa fi gba ife Áfíríkà tí wọ́n gbá ní Morocco ní 2025, tó pé ìgbà 10, tí àwọn ará Benin ò sì tíì gbà á rí?

Àwọn àgbà kan nídìí sódàbì ní ọmọ Nàìjíríà lágídí jù wọ́n lọ. Ìyẹn ò wọ̀ mí létí. Ta ló tètè dé ọjà ni kẹ́ ẹ bi mí. Nígbà tí FIFA fẹ́ ṣe Ife Àgbáyé obìnrin àkọ́kọ́ ní Ṣáínà ní 1991, orílẹ̀-èdè 8 péré ló forúkọ sílẹ̀ ní gbogbo Áfíríkà. Benin ò sí níbẹ̀, Togo ò sí níbẹ̀. Àwọn míì nínú mẹ́jọ náà tún yẹra. Nàìjíríà lọ. Wọ́n nà wá o! Ẹ̀ẹ̀mẹta la gbá, a ò rí góòlù kan jẹ. Ṣùgbọ́n títí di ti 2023, kò sí èyí tá a pa jẹ níbẹ̀.

Kì í ṣe tiwa nìkan. Eré kan wà tí wọ́n ń pè ní ice hockey, orí yìnyín ni wọ́n ti ń gbá a, tigi lọ́wọ́, tirin lábẹ́ bàtà. Láti ìgbà tí àwọn obìnrin ti ń gbá a ní Olympics, ní Nagano ní 1998, Kánádà àti Amẹ́ríkà nìkan ló ń gba wúrà rẹ̀. Sweden àti Finland ńkọ́? Ṣé yìnyín wọ́n wọn ni? Amẹ́ríkà ṣòfin ní 1972 pé iléèwé tó bá ń jẹ owó ìjọba àpapọ̀ ò gbọdọ̀ fi ẹ̀tọ́ du obìnrin, ìyẹn ló ṣí pápá fún àwọn ọmọbìnrin wọn.

Ẹnu ọ̀nà tí wọ́n lè ṣí, wọ́n lè tì í. Lóṣù kejìlá 1920, èèyàn 53,000 ló wá wo bọ́ọ̀lù obìnrin ní Goodison Park ní Liverpool. Kó tó pé ọdún kan, àjọ bọ́ọ̀lù England lé wọn kúrò lórí pápá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó di nǹkan bí 50 ọdún kí wọ́n tó gbà wọ́n padà. Ẹ má tún sọ fún mi pé aráyé ò fẹ́ràn rẹ̀.

Lóṣù kẹwàá 2025, àwa àti Benin pàdé. A nà wọ́n 2-0 ní Lomé. Ní Abẹ́òkúta, 1-1, ọ̀mì! Àwọn ará ibẹ̀ ti ń bọ̀.

Ọmọ àbúrò mi, ọmọ ọdún 14, àárín àwọn ọkùnrin ló ti ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́bàá òkun. Iléèwé rẹ̀ ní ẹgbẹ́ ọkùnrin, kò ní tobìnrin. Ìyá rẹ̀ ní kó jáwọ́. Mo dárúkọ Asisat Oshoala ọmọ Ìkòròdú fún un, tí àwọn òbí tiẹ̀ náà ò kọ́kọ́ fẹ́, tó wá gbá bọ́ọ̀lù fún Barcelona, tó gba àmì ẹ̀yẹ obìnrin tó mọ bọ́ọ̀lù gbá jù ní Áfíríkà lẹ́ẹ̀mẹfà.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹyọ kan lẹ dárúkọ yẹn. Àwọn tó kù ńkọ́?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Oṣù mẹ́ta ló fún mi: bí mo bá rí ẹgbẹ́ tó máa gbà á ní Èkó, kó máa lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ aránṣọ ló ń lọ. Mo ti dé ibi méjì. Ọ̀kan ní ká mú owó aṣọ wá, ìkejì ní ibi tó máa sùn ò sí. Ọ̀la ni mo ń lọ síbi kẹta. Ọmọ náà ti fọ bàtà rẹ̀, ó ti sá a sórí páànù.