Ẹsẹ̀ Mọ́tò

Bí ènìyàn bá ra mọ́tò ní àdúgbò wa, àwọn tí ó bá wá kí i kú oríire yóò wo ọ̀dà ara rẹ̀, wọn yóò tẹ ìjókòó rẹ̀ wò, wọn yóò sì ní kí ó fọn fèrè rẹ̀ kí àwọn gbọ́. N kò tí ì rí ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ láti wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, nínú gbogbo ohun tí à ń pè ní mọ́tò, ibi mẹ́rin péré ni ó ń kan ilẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ. Lórí àtẹ́lẹwọ́ mẹ́rin yìí ni ẹ̀mí awakọ̀ àti ẹ̀mí èrò wà. Bíréèkì tí ó dára jù lọ kò lè dá ọkọ̀ dúró bí táyà kò bá di ilẹ̀ mú.

Alímọ̀ṣọ́ tí à ń gbé kì í ṣe ibi tí a fi ń ṣeré. Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, ìjọba àpapọ̀ ka ènìyàn tí ó lé ní 1,277,000 níbẹ̀, kò sì sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní Ìpínlẹ̀ Èkó tí ó tó o nínú ìwé ìkànìyàn náà. Gbogbo èrò yìí ni ó ń jí lọ sí ibi iṣẹ́: láti Ìgándò sí Ìkòtún, láti Ìkòtún sí Ẹgbẹ́dá, láti Ẹgbẹ́dá sí Ìyànà Ìpájà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀dà ojú títì a máa gbóná bí agbada. Nígbà òjò, omi a bo kòtò mọ́lẹ̀, yanrìn a sì ṣàn wá sí ojú ọ̀nà. Táyà tí ojú rẹ̀ ti pá kò ní ibi tí yóò fi omi sí. Orí omi ni yóò máa lọ bí ọkọ̀ ojú omi, awakọ̀ yóò sì máa yí ọwọ́ lásán.

Ohun ìyanu ni pé ilẹ̀ wa kì í ṣe àlejò ọ̀rọ̀ rọ́bà. Kí John Boyd Dunlop tó ṣe táyà onífẹ́ẹ́fẹ́ rẹ̀ ní Belfast ní 1888, igi ìrẹ́ ti wà nínú igbó Yorùbá. Ní 1895, rọ́bà tí wọ́n kó jáde láti Èkó lé ní mílíọ̀nù 5 pọ́n-ùn. Wọ́n sì fi ìwọra kọ igi náà lára tó bẹ́ẹ̀ tí púpọ̀ nínú wọn fi kú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Dunlop dá ilé iṣẹ́ táyà sílẹ̀ ní Ìkẹjà, Michelin dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní Port Harcourt. Michelin ti tirẹ̀ pa ní 2007, Dunlop náà sì ṣíwọ́ táyà ṣíṣe láìpẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Láti ìgbà náà, òkè òkun ni a ti ń retí ẹsẹ̀ mọ́tò wa. Òfin kò gbà kí a kó ògbólógbòó táyà mọ́tò kéékèèké wọ orílẹ̀-èdè yìí, síbẹ̀ tòkunbọ̀ kún ẹ̀bá ọ̀nà bí ẹ̀bà ti í kún àwo.

Bàbá mi, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìntì, ni ó mú kí n ronú sí ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ ilé-ìwé mẹ́rin ni ó ń fi Corolla rẹ̀ gbé láràárọ̀ láti Ìgándò lọ sí Ìdímù, owó tí àwọn òbí wọn ń san ni ó sì fi ń ti ẹ̀kọ́ mi lẹ́yìn. Nígbà tí òjò ọdún tí ó kọjá ń ṣú bọ̀, táyà iwájú méjèèjì ti pá, àwọn ti ẹ̀yìn ṣì ṣeé lò. Owó tí ó wà nílẹ̀ tó ra tòkunbọ̀ mẹ́rin tàbí tuntun méjì. Ìyá mi ní kí ó ra mẹ́rin, kí ọkàn wa balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Bàbá mi kò jiyàn. Ó mú ẹ̀yìn ìwé kan, ó ń ṣírò. Ó ní ìlà ojú táyà tuntun a máa jìn tó mílímítà 8. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin kò gbà kí ó dín sí 1.6. A jẹ́ pé 6.4 ni ènìyàn rà. Bí òyìnbó bá bọ́ táyà tí ó ku mílímítà 4 sọnù, tí ó sì dé Ìkòtún, 2.4 ni ó kù tí a lè fi rìn. “Ìyá Bọ́lá, ìdajì owó ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wa, ohun tí wọ́n sì ń tà fún wa kò tó ìdá méjì nínú márùn-ún. Èwo ni ó wọ́n níbẹ̀?” Ìyá mi wo ìwé náà títí, ó ní, “Ọmọ ọlọ́mọ ni ẹ ń gbé. Ẹ lọ ra tuntun.”

Ìkòtún ni a gbà lọ. “Dádì, ẹ wọlé, ẹ wo ọjà!” ni gbogbo ọlọ́jà ń pariwo. Táyà ń dán gbinrin, nítorí wọ́n ti fi nǹkan dúdú pa á lára. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ ìwé kà yóò ka ara táyà bí ẹni ka lẹ́tà. Ohun tí a kọ sí ara tiwa ni 195/65 R15 91H. 195 ni ìbú rẹ̀ ní mílímítà. 65 ni gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ìbú náà. 15 ni ìwọ̀n ríìmù ní ínṣì. 91 sọ pé ó lè ru kílò 615. H sì sọ pé kò gbọdọ̀ sáré ju kìlómítà 210 lọ ní wákàtí kan. Lẹ́yìn lẹ́tà DOT ni nọ́ńbà mẹ́rin ti ọjọ́ ìbí rẹ̀ wà: 1225 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 12 ọdún 2025. Àjọ SON ti sọ pé ọdún 4 ni kí a kà fún táyà láti ọjọ́ tí a ṣe é. Táyà lè wà lórí igbá láìfi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ rí, kí ó sì ti darúgbó. Àjọ náà tún ń kìlọ̀ nípa àwọn tí wọ́n ń ki táyà bọ inú táyà kí ẹrù lè gba púpọ̀: okùn inú rẹ̀ a ti ṣẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Ọ̀rọ̀ wá ku dídi ilẹ̀ mú àti pípẹ́. Àwọn méjèèjì kì í fẹ́ gbé ilé kan. Rọ́bà tí ó rọ̀ a máa di ilẹ̀ mú, a sì máa tètè jẹ. Èyí tí ó le a máa pẹ́, a sì lè máa yọ̀ nínú omi. Lára ọ̀pọ̀ táyà, ẹ ó rí nọ́ńbà ìpẹ́ tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń béèrè: nínú ìdánwò, 400 pẹ́ tó ìlọ́po méjì 200. Lẹ́yìn rẹ̀ ni lẹ́tà bí ó ti ń dúró sí lórí ilẹ̀ tútù, láti AA, A, B, dé C; lẹ́yìn èyí ni lẹ́tà bí ó ti ń fara da ooru, láti A dé C. Ẹni tí ó bá wo nọ́ńbà nìkan yóò ra òkúta. Bàbá mi fi táyà 500 tí lẹ́tà omi rẹ̀ jẹ́ B sílẹ̀, ó mú 420 tí tirẹ̀ jẹ́ A, tí lẹ́tà ooru rẹ̀ náà sì jẹ́ A. Kì í ṣe òun ni ó wọ́n jù níbẹ̀.

Iyàn gidi wá bẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ fọ́kánáísà. (Vulcan, òrìṣà iná àti irin àwọn ará Róòmù àtijọ́, ni orúkọ iṣẹ́ yìí ti wá, ará ilé Ògún ni.) Bàbá mi ní kí ó fi tuntun sí ẹ̀yìn, kí ó gbé ti ẹ̀yìn wá sí iwájú.

“Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́ o. Iwájú ni à ń fi tuntun sí. Ẹsẹ̀ iwájú ni ó ń fa ọkọ̀ yín, òun náà ni ó ń yí.”

“Òótọ́ ni, àgbà oníṣẹ́. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí iwájú fi ń tètè jẹ. Ṣùgbọ́n bí iwájú bá yọ̀ nínú omi, ọwọ́ mi yóò gbọ́ ọ, n ó sì rọra gbé ẹsẹ̀. Bí ẹ̀yìn bá yọ̀, ọkọ̀ yóò pòyì bí òkòtó kí n tó ké.”

Bàbá oníṣẹ́ mi orí, ó ní olówó ni yóò pàṣẹ, ó sì ṣe é.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, rírà nìkan kọ́. Ẹ jẹ́ kí a máa wọn afẹ́fẹ́ lóṣooṣù, ní òwúrọ̀ tí táyà tutù, ní ìwọ̀n tí a kọ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀. Afẹ́fẹ́ tí kò tó ni ó ń mú táyà gbóná tí í fi bẹ́ lójú ọ̀nà márosẹ̀. Bí kòtò bá ti gbá ọkọ̀, kí a lọ tọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ́nà, kí ó má baà máa jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Mo mọ̀ pé onídánfó tí ń jíṣẹ́ owó fún ọlọ́kọ̀ lójoojúmọ́ kò ní ààyè láti ra tuntun méjì papọ̀. N kò bá a wí. Kí ó ra ẹyọ kan, kí ó sì kọ èyí tí wọ́n ti lẹ̀ nínú. Ọbẹ̀ tí ó dùn, owó ni ó pa á, ṣùgbọ́n ojú tí ó mọ ẹran yàn ní ọjà wà nínú adùn rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbé ọmọ ọlọ́mọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀, ó yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ó tó fọn fèrè.