Èmi àti Oòrùn Lójú Ọ̀nà Fìdítì

Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ti kọjá kí n tó gbéra ní Ọ̀jọ́ọ̀, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn tí a jọ ń sáré ní Ìbàdàn máa ń jí ní ìdájí. Oòrùn ò tíì yọ tí wọ́n á ti sáré tán, wọ́n á sì ti jókòó ti ẹ̀kọ àti àkàrà. Wọ́n gbọ́n, àmọ́ ẹsẹ̀ wọn yá ju tèmi lọ. Máráthọ́nì Èkó ni mò ń gbára dì fún. Eré ẹlẹ́mìí ẹṣin yìí, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2016, kìlómítà 42 àti mítà 195 ni, bó ṣe rí níbi gbogbo lágbàáyé. Ní 2020, David Barmasai ọmọ Kenya fi wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 10 parí ẹ̀. Oòrùn ò tíì la ojú dáadáa. Èmi á lò tó wákàtí márùn-ún, bóyá kó lé. Ẹni tó gbégbá orókè á ti wẹ̀, á ti jẹun, èmi á ṣì wà lórí títì, oòrùn Èkó á sì dúró sí àtàrí mi gangan. Àwọn tó lọ́ra ni oòrùn ń dúró dè. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí èmi àti ẹ̀ ti mọra ṣáájú ọjọ́ náà.

Ọ̀nà Ọ̀yọ́ àtijọ́ ni mo mú, láti Ọ̀jọ́ọ̀ dé Fìdítì, bíi kìlómítà 30. Èso ló jẹ́ kí n yan Fìdítì. Ẹni tó bá ń gba ọ̀nà yẹn mọ̀ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ra ọsàn, ìbẹ́pẹ àti ọ̀pẹ òyìnbó. Ẹni tó máa sáré nínú ooru nílò ohun kan níwájú tí ẹnu ẹ̀ á máa yọ itọ́ lé lórí.

Mo bá ọlọ́kadà kan ní Ọ̀jọ́ọ̀ dúnàádúrà pé kó máa gbé omi ṣáájú mi, kó máa dúró dè mí ní ibi tí igi bá wà. A so kúlà mọ́ ẹ̀yìn ọkadà. Píọ̀wọ́tà tó ti dì wà nínú ẹ̀, pẹ̀lú ike omi oníyọ̀ tí àwọn ìyá wa ń pò fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru: omi lítà kan, ṣúgà ṣíbí kékeré mẹ́fà, iyọ̀ ìdajì ṣíbí kékeré. Àwọn kan kì í gbà bí mo bá sọ pé omi lásán lè ṣekú pa ẹni tó ń sáré. Bó bá ti ń làágùn fún wákàtí púpọ̀, tó sì ń mu omi tí kò ní iyọ̀ ṣáá, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ á là, ọpọlọ ẹ̀ lè wú. Ó ti pa àwọn asáré nílẹ̀ òkèèrè. Mo fi òrí pa itan, abẹ́ apá àti ètè. Ẹni tí awọ itan ẹ̀ bá ti bó rí, tó wá da omi ìwẹ̀ sí i, kò ní bi mí nídìí.

Ẹ̀gbẹ́ ọgbà IITA ni ọ̀nà ti dùn jù. Láti 1967 ni ilé iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ yẹn ti wà níbẹ̀, igi ṣì pọ̀ nínú ọgbà wọn, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ sì ń fẹ́ yẹ́ẹ́. Irú ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti máa ń tan ẹni. Mo kó ara mi níjàánu, mo ń rọra lọ, mo kọjú sí ọkọ̀ tó ń bọ̀, torí awakọ̀ tírélà ọ̀nà yẹn kì í ṣe ẹni tí èèyàn ń kẹ́yìn sí.

Mọníyà ò gba eré. Ọjà ń ná, àwọn tó fẹ́ lọ wọ rélùwéè ń sáré tiwọn, ọkọ̀ Míkírà ń já èrò sílẹ̀ láàárín títì. Màmá kan tó ń din àkàrà wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ọmọ mi, ta ló ń lé ẹ?"

"Kò sẹ́ni tó ń lé mi, Màmá. Ẹ kú iṣẹ́ o."

"Kí lo wá ń lé?"

"Mò ń lọ Fìdítì ni."

Ó kọ́kọ́ yí àkàrà ẹ̀ ná. "Àgbà kì í ṣàdédé sáré. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Ṣé ìyàwó ẹ mọ̀ pé o wà níbí?" Àwọn tó ń ra àkàrà rẹ́rìn-ín títí mo fi kọjá lọ.

Ajá méjì yọ sí mi lẹ́yìn Akínyẹlé. Mo dúró gbọin, wọ́n gbó, wọ́n gbó, ó sú wọn. Len Taunyane ni mo rántí, ọmọ Tswana láti Gúúsù Áfíríkà tó sáré máráthọ́nì Òlíńpíìkì ní St. Louis ní 1904. Ajá lé òun kúrò lójú ọ̀nà pátápátá, síbẹ̀ ó padà wá ṣe ipò kẹsàn-án. Ooru ọjọ́ náà kọjá dígírì 30, eruku bo ọ̀nà, ìwọ̀nba omi díẹ̀ sì ni àwọn olùṣètò pèsè. Nínú àwọn 32 tó bẹ̀rẹ̀, 14 ló parí. Àwọn tó ń sọ ìtàn eré yẹn máa ń fi ọ̀rọ̀ ajá náà pa wá lẹ́rìn-ín. Èmi ò rí ohun tó pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ta ló mọ ipò tí ọkùnrin náà ìbá gbà?

Láàárín Akínyẹlé sí Ìrókò ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ọyẹ́ ti ká kúrò, oòrùn ti gorí, ọ̀dà títì ń ta ooru padà sí mi lágbọ̀n. Afẹ́fẹ́ tí tírélà ń fẹ́ sí mi bó bá kọjá gan-an gbóná. Mi ò tíì yára ju bí mo ṣe ń sáré ní Ọ̀jọ́ọ̀ lọ, àmọ́ àyà mi ń lù kìkìkì. Iṣan ẹsẹ̀ ń bèèrè ẹ̀jẹ̀ kó lè ṣiṣẹ́. Awọ ara náà ń bèèrè ẹ̀jẹ̀ kó lè gbé ooru inú jáde. Ẹ̀jẹ̀ ò pọ̀ sí i, ó tiẹ̀ ń dín kù bí òógùn ti ń jáde, ọkàn ló wá ń ṣiṣẹ́ àṣekún láàárín àwọn méjèèjì. Bí èèyàn bá ń jáde sínú ooru fún bí ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá, ó máa ń mọ́ra díẹ̀díẹ̀: omi inú ẹ̀jẹ̀ á pọ̀ sí i, òógùn á tètè máa jáde, iyọ̀ tó ń bá a jáde á sì dín kù. Ìyẹn gan-an ni mo ń wá kiri.

Ooru ẹ̀ẹ̀rùn wa yìí tún ní ẹ̀tàn tiẹ̀. Èèyàn ò ní rí òógùn ara ẹ̀, torí bó ṣe ń jáde ni afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń gbé e lọ. Iyọ̀ nìkan ló ń ṣẹ́ kù, ó ti funfun sí ẹ̀bá ojú mi. Ti Èkó yàtọ̀. Ọ̀sà wà lọ́tùn-ún, òkun wà lósì, afẹ́fẹ́ ti mumi yó, òógùn kàn ń ro sílẹ̀ tótó ni. Òógùn tó bá gbẹ lára ló ń tu ara. Èyí tó ro sílẹ̀ ò ṣe ẹnikẹ́ni lóore. Ní Ìdíje Àgbáyé ti Doha ní 2019, ọ̀gànjọ́ òru ni wọ́n ní kí àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ máráthọ́nì kí wọ́n lè bọ́ lọ́wọ́ oòrùn. Oòrùn ò sí lóòótọ́, àmọ́ ooru àti ọ̀rinrin wà níbẹ̀. Nínú àwọn 68, 28 ni kò parí.

Kí n tó wọ Ìrókò ni pajápajá mú mi ní ọmọ ẹsẹ̀ òsì. Ọlọ́kadà mi wà lábẹ́ igi máńgòrò, ó ti na ara lé ọkadà, ó ń sùn. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo fa àtàǹpàkò ẹsẹ̀ sẹ́yìn títí iṣan náà fi tú, mo mu omi oníyọ̀, mo da píọ̀wọ́tà kan lé orí. Ara mi gbọ̀n.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gorí ọkadà jàre. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi? Èmi ò ní sọ."

Mo dìde. Láti ibẹ̀ lọ, mi ò purọ́ pé eré ni mò ń sá. Mo ń sá a láti igi kan dé ìkejì, mo ń fi ẹsẹ̀ rìn níbi tí kò bá sí ibòòji, mo sì ń dá ara mi lóhùn bí orí mi bá béèrè nǹkan. Bí òòyì bá kọ́ mi tàbí tí òtútù bá mú mi nínú oòrùn yẹn, mo ti pinnu pé màá gun ọkadà. Ẹni tí kì í bá oòrùn jiyàn ni mo fẹ́ jẹ́. Òòyì ò kọ́ mi, òtútù ò sì mú mi. Ó kàn rẹ̀ mí dé egungun ni. Àwọn ọmọ iléèwé mẹ́ta kan bá mi sáré díẹ̀ pẹ̀lú igi ìdáná lórí, wọ́n fi mí sílẹ̀ láìmí sókè.

Mo wọ Fìdítì lẹ́yìn tí wọ́n kírun ọ̀sán tán. Ìyá eléso tí mo kọ́kọ́ bá wo iyọ̀ ojú mi, ó ní, "Ṣé ibi tí wọ́n ti ń lọ gbágùúdá lẹ ti ń bọ̀ ni?" Ó bẹ ọ̀pẹ òyìnbó kan fún mi, omi ẹ̀ ń ṣàn dé ìgúnpá mi. Mo ní kó bẹ òmíràn.

Ọlọ́kadà náà jẹ tiẹ̀ tán kó tó gbé ẹjọ́ dé. Ó ní owó Ọ̀jọ́ọ̀ sí Fìdítì ni mo san, mi ò san owó ìdúró. Mo ní a ti jọ ṣàdéhùn. Ó ní nígbà tí a ń ṣàdéhùn, mo sọ fún òun pé eré ni mo fẹ́ sá, mi ò sọ pé n ó máa rìn. Ìyá eléso gbè sẹ́yìn ẹ̀. Mo fi owó lé owó, mo ra ọ̀pẹ òyìnbó méjì kún un, a sì jọ gun ọkadà padà sí Ìbàdàn. Nígbà tó já mi sílẹ̀, ó gba nọ́ńbà fóònù mi. Ó ní bí mo bá tún ń lọ, kí n pe òun, àmọ́ wákàtí-wákàtí lòun ó máa gba owó.