Ẹ̀yin ìyá tó fẹ́ lọ wo Ìyàkẹ́, ẹ gbé oògùn yín dání

 Látìgbà tí ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò Adó-Àwáyè ti délẹ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ wa ni ẹ ti ń bi mí bóyá ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru lè bá wọn lọ. Ọ̀pọ̀ yín lè lọ. Àmọ́ òkè là ń lọ gùn, kì í ṣe òde ìnáwó.

Òkè Adó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìsẹ́yìn, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Orí àpáta lókè rẹ̀ ni adágún omi Ìyàkẹ́ wà. Àtẹ̀gùn 369 ni wọ́n ní èèyàn máa gùn, kó tó wá máa rìn lórí àpáta. Àwa ará Èkìtì mọ òkè lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ́ pé ọ̀kadà ló ń gbé e lọ sọ́jà lójoojúmọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gbàgbé òkè. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti ìsinsìnyí, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí ẹ sì fi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àdúgbò yín kọ́ra.

Ẹ má ṣe é ní àlọ-àbọ̀ ọjọ́ kan. Láti Ìkọ̀lé, ká gba Ìlẹ́ṣà dé Ìbàdàn, ká tún gba Mọníyà lọ sí Ìsẹ́yìn, oòrùn á ti kan àtàrí kí ẹ tó débẹ̀. Ẹ sùn sí Ìsẹ́yìn, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún ní aago méje àárọ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló dáa jù, torí àpáta tó tutù máa ń yọ̀.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù rèé. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan wà tó ń mú èèyàn tọ̀ lemọ́lemọ́. Ọjọ́ ìrìn-àjò ni ọ̀pọ̀ yín máa ń fi í sílẹ̀ nílé. Ẹ máa ń sọ ọ́ fún mi fúnra yín: "Nọ́ọ̀sì, mi ò lò ó lónìí o, mo ń lọ sí Àkúrẹ́." Ẹ̀yin kan náà ò tún ní mu omi kí ìtọ̀ má baà gbọ̀n yín nínú bọ́ọ̀sì. Ìfúnpá á ti lọ sókè, omi ara á ti dín kù, ẹ ó wá lọ gun òkè. Ọ̀nà yẹn gan-an ni ewu rọpárọsẹ̀ fi ń pọ̀ sí i. Kí ẹgbẹ́ bá dírẹ́bà sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ní wákàtí méjì-méjì ló máa dúró. Ẹ sì wá bá wa ní ilé ìwòsàn ká jọ wo àsìkò tí ẹ ó máa lo oògùn náà. Ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ bá wọ 180 lórí 110 láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìsàlẹ̀ òkè ni kó jókòó sí, kó máa ṣọ́ ẹrù. Kò sí ẹ̀tẹ́ níbẹ̀.

Àwọn kan fẹ́ gbààwẹ̀ gun òkè nítorí àdúrà. Mo fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ yín, ẹ̀yin tí ẹ ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, ẹ má gbààwẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ fi ṣúgà oníhóró sápò. Tí òógùn tútù bá bo ẹnì kan, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, tó ń sọ ìsọkúsọ, ẹ fún un ní ṣúgà kíá, bó bá ṣì lè gbé nǹkan mì.

Aṣọ ẹgbẹ́ dáa, àmọ́ ìró máa ń kọ́ni lẹ́sẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ẹ wọ ṣòkòtò sábẹ́ bùbá, pẹ̀lú bàtà tó bo ẹsẹ̀. Ìsọ̀kalẹ̀ ló ń ba orúnkún jẹ́ ju ìgùnkè lọ. Ẹsẹ̀ tó dára ni kó kọ́kọ́ gòkè. Bí ẹ bá ń bọ̀ nílẹ̀, èyí tó ń dun yín ni kó ṣáájú, pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́. Bí ẹ ò bá lè sọ gbólóhùn kan tán kí èémí tó gé, ẹ jókòó. Bí àyà bá ń dun yín, tí ìrora ń lọ sí apá tàbí àgbọ̀n, ẹ má fi àdúrà fà á gùn: ilé ìwòsàn ní Ìsẹ́yìn ni.

Ní ti omi Ìyàkẹ́, mo mọ ohun táwọn èèyàn gbà gbọ́ nípa rẹ̀ àti ọmọ bíbí. Ẹ wò ó, ẹ má mu ún, ẹ má wẹ̀ nínú rẹ̀. Adágún orí òkè kan wà ní Colorado ní Amẹ́ríkà, Hanging Lake ni wọ́n ń pè é. Níbẹ̀ náà, ìwẹ̀ jẹ́ èèwọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó wá yẹ ìfúnpá wò ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kó sì kó gbogbo oògùn rẹ̀ wá nínú páálí wọn, títí kan àgbo.