Imú Àlejò

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣe é jà níyàn. Ẹni tó bá dé ilé onílé, tó rí nǹkan tí kò yé e, kí ó yáa panu mọ́ ni. Ṣùgbọ́n ojú nìkan ni àwọn àgbà mẹ́nu bà o. Wọn ò dárúkọ imú. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọ̀rọ̀ imú ni mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, iṣẹ́ ìwé ìròyìn gbé mi dé Lọ́ńdọ̀nù. Àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, ti wà níbẹ̀ láti ọdún 2012. Ní ọdún 2021 ló kọ̀wé sí Màmá pé òun ti ra ilé òun fúnra òun. Inú Màmá dùn kọjá sísọ. Ó ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì sí ẹni tí kò gbọ́ ọ ní àdúgbò wa ní Mushin pé ọmọ òun ti di onílé ní Ìlú Ọba.

Àbúrò mi wá pàdé mi ní ibùdókọ̀ ojú irin Tottenham Hale. Ó gba àpò lọ́wọ́ mi, a bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Kò pẹ́ tí a fi dé etí odò tí wọ́n ń pè ní Lee. Mò ń wo ọ̀tún, mò ń wo òsì, mò ń wá ilé. Ó ní, “Bọ̀dá mi, a ti délé.” Omi ni mo rí. Lórí omi náà ni ọkọ̀ onírin kan wà tí wọ́n fi okùn so mọ́ èbúté, ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 57, fífẹ̀ rẹ̀ kò sì tó ẹsẹ̀ bàtà 7. Wọ́n kun ún ní àwọ̀ ewé, wọ́n to ìkòkò òdòdó sórí òrùlé rẹ̀.

Mo ní, “Èyí ni ilé tí Màmá ṣe ìdúpẹ́ lé lórí?”

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò wò mí lójú. Ó ní owó ilé yíyá ní Lọ́ńdọ̀nù ló fẹ́ pa òun, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló sì ń gbé inú irú ọkọ̀ báyìí lórí omi Ìlú Ọba. Ẹni tí kò bá ní ojúkò tirẹ̀ létí odò kò gbọ́dọ̀ dúró lójú kan ju ọjọ́ 14 lọ, yóò ṣí lọ síwájú. Òfin Canal & River Trust nìyẹn, àwọn tó ń mójú tó odò náà. Ó ní, “Ó ti wà lọ́kàn mi láti ṣàlàyé fún Màmá. N kò tíì mọ bí mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀ ni.”

Inú ọkọ̀ náà mọ́ tónítóní. Ibùsùn wà níbẹ̀, ilé ìdáná wà níbẹ̀, ìwé wà lórí pẹpẹ. Ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, “Ẹ káàbọ̀, ọkọ mi,” ó sì padà sídìí ìrẹsì tó ń sè. Ọmọ wọn, ọmọ oṣù mẹ́jọ, ń rákò bọ̀ lórí pákó ilẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ láti gbé e. Ibẹ̀ ni òórùn kan ti kọlu imú mi, bí ẹyin tó ti kú.

Ta ni yóò sọ òórùn yẹn fún ọmọ Èkó? Bí wọ́n bá gbé sìlíńdà tuntun wọ ilé wa ní Mushin, Màmá kì í ṣáná títí yóò fi fi ìfófò ọṣẹ kun ẹnu rẹ̀ yíká. Mo ní, “Gáàsì ń jò níbí.”

Àbúrò mi ní, “Rárá o, Bọ̀dá mi. Ẹ wo aago ìkìlọ̀ lókè yẹn. Bí gáàsì bá ń jò, á ti ké.” Ìyàwó rẹ̀ náà ní òun ò gbóòórùn nǹkan kan. Mo dìde dúró, mo fa imú. Lóòótọ́, kò sí nǹkan kan. Mo tún lóṣòó, mo fa imú. Òórùn náà wà níbẹ̀. Mo ní kí àbúrò mi náà lóṣòó, kí ó gbé imú súnmọ́ ilẹ̀. Ó lóṣòó. Nígbà tó máa dìde, ojú rẹ̀ ti yí padà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́, nítorí ó kan gbogbo ẹni tó ní sìlíńdà nílé. Propane ni gáàsì tí wọ́n ń lò nínú ọkọ̀ yìí. Òun fúnra rẹ̀ kò ní òórùn. Àwọn tó ń tà á ló ń fi òórùn búburú yẹn sí i kí imú lè mọ̀ ọ́n. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ ní ìlọ́po kan àti ààbọ̀, nítorí náà kì í gòkè, ìsàlẹ̀ ló ń wá lọ. Ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Mushin, afẹ́fẹ́ lè gbé e lọ. Ṣùgbọ́n igbá ni ọkọ̀ ojú omi. Irin tí kì í jẹ́ kí omi wọlé, òun náà ni kì í jẹ́ kí gáàsì jáde. Yóò lọ sábẹ́ pákó, yóò máa kó ara rẹ̀ jọ síbẹ̀. Bí ó bá ti tó nǹkan bí ìdá 2 nínú ìdá 100 afẹ́fẹ́ ibẹ̀, iná kékeré lásán ti tó láti gbé ọkọ̀ náà dìde. Aago ìkìlọ̀ tó wà lókè yẹn ńkọ́? Ti carbon monoxide ni, ìyẹn èéfín olóró tí imú kò lè gbọ́ rárá. Kò mọ propane rí, kò sì lè ké nítorí rẹ̀.

Ìyàwó pa iná, ó gbé ọmọ, ó bọ́ sí èbúté. Àbúrò mi sáré lọ síwájú ọkọ̀, ó ti ẹnu sìlíńdà pa. A ṣí gbogbo ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Ó fẹ́ tẹ ẹ̀rọ iná tó ń fa omi kúrò ní ìsàlẹ̀ ọkọ̀, bóyá yóò fa gáàsì náà jáde, ó tún yára fa ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tó fẹ́ fọwọ́ kan ejò. Ó mọ̀ pé ìpara iná mànàmáná, bó ti wù kó kéré tó, lè ṣe iṣẹ́ ìṣáná. A ò tan iná, a ò pa iná. Ìyàwó gbé ọmọ lọ sùn sílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan. Èmi àti àbúrò mi jókòó sórí bẹ́ńṣì létí odò, òtútù ń mú wa.

Nígbà tó ṣe, ó ní, “Bọ̀dá mi, nínú oṣù kejì ni mo kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀.”

N kò dáhùn.

“Mo wá a káàkiri. Mo rí ibi tí páìpù méjì ti so pọ̀ lábẹ́ ibùsùn wa. Mo fi sípánà dè é. Lọ́jọ́ kejì mo tún dè é sí i. Òórùn náà lọ. N kò sọ fún ìyàwó mi. Bí mo bá sọ fún un, á ní ká kó jáde. Níbo la fẹ́ kó lọ?” Ó dákẹ́ díẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Màmá.”

Èébú ti dé ẹnu mi, mo gbé e mì. Òórùn náà kò lọ síbì kankan. Imú wọn ló ti bá a mọ́ra. Bí ènìyàn bá ń gbé inú òórùn kan lójoojúmọ́, imú á rẹ̀ ẹ́, kò ní mọ̀ ọ́n mọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ọ̀gá onígáàsì kan dé, Òyìnbó tó ti dàgbà díẹ̀. Ó kọ́kọ́ yọ káàdì Gas Safe Register rẹ̀, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ sí wa kí a lè rí i pé gáàsì inú ọkọ̀ wà lára iṣẹ́ tí wọ́n gbà á láyè láti ṣe. Kì í ṣe gbogbo onígáàsì ni wọ́n gbà láyè bẹ́ẹ̀.

Iwájú ọkọ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, níbi àpótí irin tí sìlíńdà ń gbé. Wọ́n dá ihò sí ìsàlẹ̀ àpótí yẹn, kí gáàsì tó bá jò lè gba ibẹ̀ bọ́ sójú omi. Àbúrò mi ti kó okùn àti àpò èédú lé ihò náà lórí. Ọ̀gá kó wọn kúrò láìsọ̀rọ̀. Ó fín omi kan sára rọ́bà tó ti ẹnu sìlíńdà wá. Omi náà jọ omi ọṣẹ, ṣùgbọ́n ó ní kì í ṣe ọṣẹ ìfọwo, nítorí ọṣẹ ìfọwo lè máa jẹ idẹ díẹ̀díẹ̀. Kíá ló hó. Rọ́bà náà ti gbó, ó ti sán. Ó pààrọ̀ rẹ̀.

Inú àbúrò mi dùn. Ó ní, “A dúpẹ́, ó parí.”

Ọ̀gá mi orí. Ó nawọ́ sí ìgò kékeré kan tó wà lára páìpù, tí omi díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ó ní bí gbogbo ohun tó ń lo gáàsì bá wà ní pípa, tí a tẹ bọ́tìnnì orí rẹ̀, omi náà gbọ́dọ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Ó tẹ̀ ẹ́. Omi náà ń hó wúyẹ́wúyẹ́, ìfófò kan ń lé èkejì. Gáàsì ṣì ń lọ síbì kan.

Ó wá ń ti ojú ọ̀nà wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ti ti sítóòfù, ó tẹ bọ́tìnnì, ó ṣì ń hó. Ó ti ti ẹ̀rọ tó ń gbé omi gbóná, ó ṣì ń hó. Ó ní, a jẹ́ pé ara páìpù fúnra rẹ̀ ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé páìpù bàbà náà láti ìsopọ̀ dé ìsopọ̀, tòun ti omi fífín lọ́wọ́, títí ó fi dé abẹ́ ibùsùn. Ibẹ̀ ló ti hó. Ó tú nọ́ọ̀tì náà wò. Òrùka idẹ inú rẹ̀ ti tẹ̀ wọ páìpù, wọ́n ti dè é jù. Ó gbójú sókè, ó ní, “Ta ló de èyí?”

Ìyàwó ti dé nígbà náà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Àbúrò mi wò mí, ó wo ìyàwó rẹ̀. Ó ní, “Èmi ni. Láti oṣù kejì.”

Ìyàwó ṣírò oṣù náà lórí ìka. Kò pariwo. Ó ní, “Oṣù mẹ́ta. Ọmọ mi ń rákò lórí rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta.” Ó yí padà, ó lọ jókòó sórí bẹ́ńṣì létí odò.

Ọ̀gá gé ibi tó bàjẹ́ nù, ó fi páìpù àti òrùka tuntun síbẹ̀, ó sì kàn án mọ́ ara ògiri kí jìgìjìgì ẹ́ńjìnnì má baà máa mì ín. Ó so páìpù onígíláàsì kan tí omi wà nínú rẹ̀ mọ́ ọn, a jọ ń wo omi náà. Fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kò sọ̀ kalẹ̀ rárá. Ó tún tẹ bọ́tìnnì ìgò kékeré. Omi dákẹ́ rọ́rọ́. Àbúrò mi mú ìwé ẹ̀rí Boat Safety Scheme rẹ̀ jáde, èyí tí wọ́n ń gbà lẹ́ẹ̀kan lọ́dún mẹ́rin, ó ní ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì pé. Ọ̀gá ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n yẹ ọkọ̀ wò nìkan ni ìwé náà lè jẹ́rìí sí. Ó ní kí ó ra aago ìkìlọ̀ ti gáàsì, kí ó sì gbé e sí ìsàlẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, àbúrò mi fúnra rẹ̀ pe Màmá lórí fóònù. N kò ràn án níṣẹ́. Ó ní, “Màmá, ilé tí mo ní mo rà, ọkọ̀ ojú omi ni.”

Màmá dákẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ṣé ó ń jò?”

“Omi kọ́ ló jò, Màmá. Gáàsì ni. Wọ́n ti tún un ṣe.”

“Ta ló gbóòórùn rẹ̀?”

“Bọ̀dá ni.”

“Ìwọ ńkọ́, tí ò ń gbé ibẹ̀?”

Kò rí èsì fọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, tó kí Màmá, tó ní kí wọ́n máa fi àdúrà ràn wọ́n lọ́wọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tó lanu láti ọ̀sán nìyẹn.

Mo ti padà sí Èkó tipẹ́. Mo ń fi ọṣẹ wo sìlíńdà mi gẹ́gẹ́ bí Màmá ti kọ́ wa. Ṣùgbọ́n n kò fọkàn tán imú ara mi mọ́ nínú ilé ara mi. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan mo máa ń kan ilẹ̀kùn aládùúgbò mi, n óò ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi gbóòórùn ilé ìdáná mi.” Ó kọ́kọ́ fi mí ṣe ẹlẹ́yà. Ní báyìí, òun náà ti ń pè mí wá sí tirẹ̀.