Ó Ku Ẹgbẹ̀rún Mẹ́jọ

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Nígbà tí mo ru ìrẹsì sọdá sí Snake Island ní Kérésìmesì ọdún 2023, ìrẹsì náà kò wúwo tó ọ̀rọ̀ tó wà nínú mi.

Àbúrò ìyá mi tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ẹlẹ́ja ni mo ń lọ kí. Erékùṣù wọn dojú kọ èbúté Tin Can, kò sì jìnnà sí Ajégúnlẹ̀ tí mò ń gbé. Ọkọ wọn a pa ẹja, àwọn a yan án.

Ẹ ó rántí oṣù Kejì ọdún náà. Owó tuntun kò sí, owó àtijọ́ kò ṣe é ná. Ìyá Ẹlẹ́ja gbé ẹja wá sí àdúgbò wa, gbogbo oníbàárà ń pariwo "tiransífà," bẹ́ẹ̀ ìyá kò ní àkáǹtì. Kí ẹja má baà bu, mo ní kí àwọn èèyàn sanwó sínú tèmi. Náírà 23,000 wọlé. Bí owó bá ti jáde báyìí, n ó gbé e wá. Ohun tí mo wí nìyẹn.

Owó jáde. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní kí a máa ná owó àtijọ́ títí di òpin ọdún. Àmọ́ owó iléèwé ọmọ mi náà dé. Ẹ má bi mí síwájú sí i. Láti ìgbà náà, n kò sọdá mọ́.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, Ààrẹ Tinubu kéde pé ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Lítà bẹntiróò tí kò tó 200 náírà ti lé ní 500 kí oṣù Keje tó parí. Owó bọ́ọ̀sì ni àwa ará ìgboro ń ráhùn lé lórí. Ta ló rántí pé epo yẹn náà ni ẹ̀ńjìnnì ọkọ̀ apẹja ń mu? Nígbà tí mo dé ilé wọn, ẹ̀ńjìnnì wà ní kọ̀rọ̀ yàrá, wọ́n fi àkísà bò ó bí òkú. Àjẹ̀ ni bàbá fi ń tukọ̀, ibi tí apá àgbàlagbà sì lè tukọ̀ dé, ẹja gidi kò sí níbẹ̀.

Lẹ́yìn "ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún," mo fa owó yọ. Ìyá Ẹlẹ́ja kà á.

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó ku ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ."

Ohùn wọn kò le rárá. Wọ́n ní nígbà yẹn, àwọ̀n làwọn fẹ́ fi rà; ní báyìí, bó tilẹ̀ pé, kò lè ra ìdajì rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Dìde, ọkọ mi, ilẹ̀ dọ̀tí. Ṣé ìwọ lo gbówó lé epo ni?"

Wọ́n di ṣawá yíyan mẹ́rin fún mi, wọ́n ní ti àwọn ọmọ ni. Ta ni yóò kọ̀ ọ́ fún wọn? Mo gbà á. Nínú ọkọ̀ tí mo wọ̀ padà, obìnrin tó jókòó tì mí gbóòórùn ẹja náà, ó bi mí pé èló ni mo rà á.