Òjìji abẹ́ imú

Mo ń wo àwọn ènìyàn inú géèmù World of Warcraft ti 2004, mo gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí wọ́n tún ṣe ní 2014.

Ẹ wo abẹ́ imú aràrá onírùngbọ̀n inú ti 2004.
Òjìji tó wà níbẹ̀, ayàwòrán ló fọwọ́ kùn ún. Kì í ṣe iná inú géèmù ló dá a.
Dídán tó wà léjìká ẹ̀wù irin rẹ̀ ńkọ́? Ọ̀dà funfun lásán ni!

Agbára kọ̀ǹpútà ìgbà yẹn ò tó nǹkan, ayàwòrán ló ń bá a ṣe iṣẹ́ ìmọ́lẹ̀.

Lóde òní, àwọn kan ń kó irú àwòrán bẹ́ẹ̀ fún AI, kó sọ ọ́ di ńlá ní ìlọ́po mẹ́rin.
Ó máa ń mọ́ kedere o.
Àmọ́ AI lè ṣi òjìji mú fún irun. Ẹ lè bá irùnmú níbi tí ẹnikẹ́ni ò kùn ún sí 😂

Lójú tèmi, kí wọ́n mú búrọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n tún un kùn.
Wàhálà ni, mo mọ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́? Géèmù àtijọ́ wo lẹ ò ní gbà kí wọ́n fọwọ́ kan ojú èèyàn inú ẹ̀?