Àjòjì Lójú, Ṣùgbọ́n Kò Fi Ríran

Bí ọ̀dọ́ ará Amẹ́ríkà kan bá dé Èbúté Ìpakodò, ní Ìkòròdú, ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, èrò rẹpẹtẹ ni ojú rẹ̀ yóò kọ́kọ́ bá pàdé. Yóò rí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì, ọkọ̀ ojú omi tó fẹ́ gbé wọn la ọ̀sà kọjá lọ sí Èkó, àti obìnrin tó ń din àkàrà lẹ́bàá ọ̀nà. Ó lè yọ fóònù rẹ̀, kí ó ya fídíò, kí ó sì kọ gbólóhùn mẹ́ta sí abẹ́ rẹ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra. Ibi gbólóhùn mẹ́ta yẹn ló yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ gba irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ nímọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ kò gba àkókò púpọ̀. Ẹni tó ń bọ̀ wá ṣiṣẹ́ kò gbọdọ̀ fi físà àbẹ̀wò wọlé. Bí yóò bá pẹ́ nílùú, yóò gba káàdì CERPAC lọ́wọ́ àwọn Ìmígírésọ̀n. Yóò gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njúpọ́ntọ̀ kí ó tó kúrò nílé, yóò sì rántí pé ìjọba Amẹ́ríkà ń retí àkọsílẹ̀ owó tó wọlé fún un, kódà bó bá jẹ́ Ìkòròdú ló ti pa á. Gbogbo èyí ló ní fọ́ọ̀mù tirẹ̀. Ẹnu ni kò ní fọ́ọ̀mù.

Ìbàdàn ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta, ọdún 1961, Ààrẹ John F. Kennedy dá àjọ Peace Corps sílẹ̀, kí àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà lè máa lọ sìn ní ilẹ̀ òkèèrè. Àwọn àkọ́kọ́ tí wọ́n rán wá sí Nàìjíríà gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní Harvard, wọ́n sì tún wá gba òmíràn ní University College, Ìbàdàn, kí wọ́n tó lọ máa kọ́ni nílé ẹ̀kọ́. Òmìnira orílẹ̀-èdè yìí kò tíì ju ọdún kan lọ nígbà náà.

Margery Michelmore, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, wà lára wọn. Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kẹwàá, ó kọ káàdì kékeré kan sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Cambridge, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Ó kọ ọ́ pé ìdọ̀tí ìlú náà ya àwọn lẹ́nu, pé ojú títì ni àwọn ènìyàn ti ń dáná, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tajà, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ń ṣe ìgbọ̀nsẹ̀. Káàdì náà jábọ́ kí ó tó dé inú àpótí lẹ́tà. Akẹ́kọ̀ọ́ kan hé e, ẹ̀dà rẹ̀ sì tàn ká gbogbo ọgbà. Kíá ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pe ìpàdé, wọ́n fi ẹ̀hónú hàn, wọ́n ní kí wọ́n kó àwọn àlejò náà padà sílé. Ọ̀dọ́bìnrin náà kọ̀wé tọrọ àforíjì, ó sì fi Nàìjíríà sílẹ̀. Kennedy fúnra rẹ̀ kọ ìwé ìtùnú sí i.

Ṣé irọ́ ló pa? Rárá, kì í ṣe irọ́ pátápátá, bóyá ìdí nìyẹn tó fi dun àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ àwọn òyìnbó tó pe àwọn baba wọn ní ará oko. Òyìnbó mìíràn, tó ní òun wá ṣèrànwọ́, tún wá fi ẹ̀yìn wọn sọ irú ọ̀rọ̀ kan náà. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò rántí ni pé inú káàdì yẹn kan náà ni ó ti sọ pé, lẹ́yìn ìpayà àkọ́kọ́, òun ń jẹ àǹfààní tó pọ̀ níbẹ̀. Ta ló fẹ́ ka ìyẹn?

Ẹ tún wo obìnrin alákàrà tó wà ní Ìpakodò. Ó nílé. Kì í ṣe àìrílé ló gbé e dé ẹ̀bá ọ̀nà. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nìyẹn. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ti jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́, nítorí wọn kò fẹ́ kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ há wọn mọ́ Máìlì 12, bí obìnrin náà kò bá sì sí níbẹ̀, ebi ni wọn yóò gbé dé ibi iṣẹ́. Ojú àlejò rí iná, ó rí epo, ó rí èéfín. Kò rí ètò tó wà nídìí rẹ̀, nítorí kò tíì bi ẹnikẹ́ni léèrè.

Ìmọ̀ràn tó kù kò ju kí ó máa béèrè lọ. Kí ó kọ́kọ́ kí ènìyàn ná: “Ẹ kú iṣẹ́” tí ẹnu àlejò sọ lódì pàápàá dùn ju ẹ̀bùn lọ létí àgbàlagbà. Kò sẹ́ni tó retí pé kó dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó má fi ọwọ́ òsì nawọ́ nǹkan sí àgbà. Kí ó gba àṣẹ kí ó tó ya fọ́tò ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ obìnrin, kí ó bi onílé rẹ̀ léèrè ìgbà tí Orò yóò jáde, nítorí àwọn ọjọ́ kan wà ní Ìkòròdú tí obìnrin kì í jáde síta. Ọ̀pọ̀ obìnrin ìlú gan-an ni inú wọn kò dùn sí àṣà yìí, wọn kò sì fi pa mọ́. Àlejò lè jókòó tì wọ́n, kí ó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń jiyàn rẹ̀. Ìyẹn yóò kọ́ ọ ní ohun tí fídíò kò lè kọ́ ọ.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ Michelmore kò sá. Fún ìgbà díẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò bá wọn da nǹkan pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n dúró, wọ́n fara dà á, títí ọ̀rọ̀ fi rọlẹ̀ tí wọ́n sì lọ síbi iṣẹ́ wọn. Michelmore náà padà sẹ́nu iṣẹ́, ní olú iléeṣẹ́ àjọ náà ní Washington.

Ní 1961, káàdì kan ní láti jábọ́ sílẹ̀ kí ẹnìkan tó hé e. Ní Ìpakodò lónìí, ọmọkùnrin tó ń tú okùn ọkọ̀ ní fóònù tirẹ̀ lápò, ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì lè ti ka ohun tí àlejò náà kọ nípa èbúté rẹ̀ kí ọkọ̀ tó dé Èbúté Èrò.